ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: ÌGBÌ RÉDÍÒ ÀTI ÒGIRI ILÉ WA

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ lórí àròkọ aṣàpèjúwe. A rí i níbẹ̀ pé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàpèjúwe ni láti jẹ́ kí òǹkàwé rí nǹkan bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Àròkọ alálàyé yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàlàyé ni láti jẹ́ kí òǹkàwé mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe nípa rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ka àròkọ rẹ tán tí kò lè tún ọ̀rọ̀ náà là yé ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ìwọ náà kò tíì ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń sá fún orí-ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì nínú ìdánwò Yorùbá. Wọ́n rò pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Nígbà tí rédíò dé, àwọn baba wa kò dákẹ́. Wọ́n wò ó pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí ìwọ náà bá wo nǹkan dáadáa kí o tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n ọ. Ohun tó máa ń wọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni òye ohun tí ó fẹ́ sọ.

Ìbéèrè

Àwọn ará ilé rẹ ń bẹ̀rù pé ìgbì tó ń jáde láti inú fóònù, ẹ̀rọ Wi-Fi àti òpó ìbánisọ̀rọ̀ ń gba inú ògiri wọlé wá pa wọ́n lára. Kọ àròkọ tí yóò la ọ̀rọ̀ náà yé wọn.

Bí O Ṣe Máa Tú Ìbéèrè Náà

Kọ́kọ́ fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè náà ró. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta: ìgbì, ògiri, pa lára. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó pàṣẹ fún ọ ni "la yé". A kò ní kí o jiyàn, a kò sì ní kí o wàásù. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni o gbọ́dọ̀ dáhùn, ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀:

(i) Kí ni ìgbì yìí?
(ii) Kí ni ògiri ń ṣe sí i?
(iii) Èwo nínú rẹ̀ ni ó kàn wá lára jù, kí sì ni kí a ṣe?

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí irú orí-ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni ti abẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ á kọ ọ́ pé: "Ìgbì yìí ni ó ń fa gbogbo àìsàn ayé òde òní." Ta ni ó wọ̀n ọ́n? Ẹ̀rí wo ni ó wà? Èkejì ni ti agbéraga. Òun á kọ ọ́ pé: "Irọ́ pátápátá ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé ni." Àwọn méjèèjì kùnà, nítorí pé kò sí èyí tó ṣàlàyé nǹkan kan nínú wọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù kò fẹ́ kí a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ kí a mú òun lọ́wọ́ lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kí o má baà ṣubú sínú ọ̀kan nínú kòtò méjèèjì yìí, kọ́ bí a ṣe ń wọn ọ̀rọ̀:

"Ó dájú pé…" ni kí o lò fún ohun tí a ti wọ̀n tí a sì ti rí. Àpẹẹrẹ: Ó dájú pé irin ń dá ìgbì rédíò padà.

"Ó ṣeé ṣe kí…" ni kí o lò fún ohun tó lè rí báyìí tàbí bẹ́ẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ipò. Àpẹẹrẹ: Ó ṣeé ṣe kí fóònù má dún nínú yàrá inú lọ́hùn-ún.

"Ìwádìí kò tíì fi hàn pé…" ni kí o lò fún ohun tí a ti wá, tí a kò rí. Àpẹẹrẹ: Ìwádìí kò tíì fi hàn pé ẹ̀rọ Wi-Fi ń fa ẹ̀fọ́rí.

Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ àròkọ alálàyé.

Ìlapa Èrò

1. Ìfáárà: ìtàn kúkúrú láti inú ilé, tí yóò gbé ìbéèrè náà jáde.
2. Ohun tí ìgbì rédíò jẹ́ àti ẹbí tí ó ti wá.
3. Ohun tí ògiri ń ṣe sí i: àdápadà, àfàmu, àkọjá.
4. Irú ògiri tó wà ní ilé wa.
5. Ọ̀nà jíjìn.
6. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni àti ògiri tó nípọn.
7. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa ìlera.
8. Ìgúnlẹ̀: a padà sí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn.

Àwòkọ́ṣe

ÌGBÌ TÍ A KÒ FOJÚ RÍ NÍNÚ ILÉ WA

Láti ọjọ́ tí ará ilé kejì ti gbé ẹ̀rọ Wi-Fi kọ́ sára ògiri tó pààlà àwa àti àwọn, ìyá àgbà wa kò sùn sí yàrá wọn mọ́. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé nǹkan kan ń gba inú ògiri náà wọlé ní òru, pé òun ni ó ń fún wọn ní ẹ̀fọ́rí. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Síbẹ̀, ẹ̀fọ́rí náà kò lọ. Ńṣe ni ó ń le sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kó ìdààmú bá gbogbo wa. Kí ni nǹkan tó ń gba inú ògiri kọjá yìí? Kí ni ògiri ń ṣe sí i? Ǹjẹ́ òun ni ó sì yẹ kí a bẹ̀rù?

Ọmọ ìyá kan náà ni ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ James Clerk Maxwell ni ó fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1865 pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Heinrich Hertz, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ṣe é jáde tí ó sì mú un, láàárín 1887 àti 1888, ní ìlú Karlsruhe. Ìgbì wọ̀nyí ń sáré tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kìlómítà, èyíinì ni 300,000, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ síra ni gígùn wọn. Ìgbì ilé iṣẹ́ rédíò FM gùn tó mítà mẹ́ta láti orí ìgbì kan dé orí èkejì. Ti fóònù tó ń lo 900 megahertz gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀. Ti Wi-Fi tó ń lo 2.4 gigahertz kò ju sẹ̀ǹtímítà méjìlá àti ààbọ̀ lọ. Ti ìmọ́lẹ̀ kéré débi pé a kò lè fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Hertz kan náà ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí ògiri ń ṣe. Ó ti ìlẹ̀kùn onípákó sí àárín ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì àti èyí tó ń gbà á, ìgbì náà sì kọjá bí ẹni pé kò sí ìlẹ̀kùn níbẹ̀. Nígbà tí ó gbé irin pẹlẹbẹ dí i lọ́nà, kò kọjá mọ́. Bí ènìyàn bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ agbà-ìgbì á kú. Bí ẹni náà bá kúrò, á tún tàn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbì bá pàdé ògiri: ògiri á dá apá kan padà, á fa apá kan mu, á sì jẹ́ kí èyí tó kù kọjá.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ìgbì rédíò kì í ṣe aláǹgbá. Ó lè wọ ògiri tí kò lanu. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbọ́ dùùndún nínú ilé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ní àdúgbò, tí ohùn rẹ̀ sì ń dínkù bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń dínkù bí ó ti ń la ògiri kọjá. Ohun tí a fi mọ ògiri ni ó ń sọ bí yóò ti dínkù tó. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti síílì kì í mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ń mú ju ìyẹn lọ, bí òjò bá sì ti rin ín, omi inú rẹ̀ á tún fà mu sí i. Kankéré tí a fi ọ̀pá irin sí nínú lè mú ju ìdá mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá. Páànù ńkọ́? Irin ni, ńṣe ni ó ń dá ìgbì padà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń jáde sí ẹ̀bá fèrèsé tàbí sí ìta wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí a bá wà ní ilé alájà tó ní dẹ́kìn tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù.

Bí ògiri bá ju ẹyọ kan lọ, ìdínkù náà ń di ìlọ́po. Bí ògiri kìíní bá jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá kọjá, tí èkejì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ni yóò dé yàrá kẹta. Ẹ̀rọ tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná, tí a ń pè ní microwave, ni ó fi agbára ògiri hàn jù. Ìgbì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà pẹ̀lú ti Wi-Fi, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti Wi-Fi lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni wọ́n fi ṣe gbogbo ògiri rẹ̀. Ojú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀, a sì ń rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìgbì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá kò lè gba ojú ihò tí kò tó orí ìṣó kọjá.

Ohun kan wà tó ń dín ìgbì kù láìsí ògiri rárá. Òun ni ọ̀nà jíjìn. Tan àtùpà sí àárín òkùnkùn, kí o máa lọ sẹ́yìn. Bí o ti ń jìnnà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú rẹ ń dínkù. Kò dínkù ní ẹyọ ẹyọ. Bí o bá fi mítà méjì jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ ní mítà kan ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní mítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Ní mítà mẹ́wàá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé kì í sábà rán ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan jáde. Ó ti wà ní òdì kejì ògiri, ó sì tún jìnnà sí ibùsùn ìyá àgbà ní ìwọ̀n mítà mẹ́ta. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kò tó nǹkan.

Èwo wá ni ó sún mọ́ wa jù? Fóònù tí a fi sétí ni. Láti 2001 tí fóònù GSM ti dé sí Nàìjíríà, òun ni ó wà lápò wa, lábẹ́ ìrọ̀rí wa, àti létí wa. Fóònù GSM lè rán tó wáàtì méjì jáde nígbà tí ó bá ń kígbe. Ṣùgbọ́n ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, àròpín rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì kan lọ. Fóònù gbọ́n. Bí ó bá ń gbọ́ òpó dáadáa, á rọra sọ̀rọ̀; bí kò bá gbọ́ ọ, á gbé ohùn sókè. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú èyí. Ẹni tó bá fi irin tàbí bébà onírin bo ògiri yàrá rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òpó òkèèrè ti mú kí fóònù ọwọ́ rẹ̀ máa pariwo sí òun fúnra rẹ̀ létí. Ó ti lé olè jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ti lọ́lá fún èyí tó wà nínú ilé.

Ní ti òpó ìbánisọ̀rọ̀, agbára tirẹ̀ ju ti fóònù lọ, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì ń rán ìgbì rẹ̀ síwájú bí iná tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe sí ìdí ara rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2006 pé ohun tí a wọ̀n láyìíká àwọn òpó kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú òdiwọ̀n tí àgbáyé fi lélẹ̀, pé ibòmíràn kò tilẹ̀ súnmọ́ ìyẹn.

Nípa ìlera, kí a má ṣe da ìgbì rédíò pọ̀ mọ́ ìtànṣán X-ray tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun. X-ray lágbára tó láti fọ́ ohun tíntìntín inú ara. Ìgbì rédíò kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Kódà ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran ga jù ú lọ ní ti èyí. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ìgbì rédíò lè ṣe bí ó bá pọ̀ jù ni pé ó ń mú ara gbóná, òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn sì rẹlẹ̀ ju ibi tí ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 50. Ní 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fi ìgbì yìí sí ìsọ̀rí ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí àjọ kan náà gbé iṣẹ́ fún kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọn kò sì rí i pé lílo fóònù ń mú kí jẹjẹrẹ ọpọlọ pọ̀ sí i. A kò sọ pé kí a dẹ́kun ìwádìí. Ohun tí a sọ ni pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ilé kún orí ẹ̀rọ Wi-Fi.

Kí ni ó wá ń fún ìyá àgbà ní ẹ̀fọ́rí? Ní ọjọ́ kan tí iná ìjọba lọ, bàbá mi wọ yàrá ẹ̀yìn ní alẹ́, orí tiwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lábẹ́ fèrèsé yàrá náà gan-an. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun rí ní orílẹ̀-èdè wa. Òun kì í la ògiri kọjá wẹ́rẹ́ bíi ti ìgbì; ẹnu tí ògiri là, èyíinì ni fèrèsé, ni ó sábà máa ń bá wọlé. Ìyá àgbà ti sá fún ohun tí ògiri dín kù, wọ́n sì lọ sùn ti ohun tí ògiri kò lè dá dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà. Ìyá àgbà padà sí yàrá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní orí àwọn ti fúyẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé mi, ìgbì wà lóòótọ́, ó sì ń wọ ògiri lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri ń dín in kù, ọ̀nà jíjìn sì ń dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dínkù sí i, kí ó gbé fóònù kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí fóònù ṣe ṣókí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dára, kí ó sì sún mọ́ fèrèsé bí ó bá fẹ́ pè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó yẹ kí a kọ ojú sí, nítorí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àkíyèsí Lórí Àwòkọ́ṣe Yìí

Má ṣe há àròkọ yìí sórí. Ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ wò ti ka ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ó mọ èyí tó ti orí ìwé wá. Ó sì gùn ju èyí tí o ní láti kọ nínú yàrá ìdánwò lọ. A jẹ́ kí ó gùn kí o lè rí bí a ṣe ń tú kókó kọ̀ọ̀kan. Ìwọ mú kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀, kí o sì tú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, ṣe àkíyèsí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(a) Ìfáárà. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ mi, ó yẹ kí n sọ pé…". Ó wọ inú ilé tààrà. Ìbéèrè mẹ́ta tó parí ìpínrọ̀ kìíní ni gbogbo àròkọ náà ń dáhùn. Bí o bá béèrè nǹkan nínú ìfáárà, o ti jẹ gbèsè. Rí i dájú pé o san án.

(b) Ìtàn. Ẹyọ kan péré ni, ó sì pín sí méjì: ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí ìtàn bá gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin àròkọ alálàyé lọ, o ti fi alálàyé sílẹ̀, o ti bọ́ sínú asọ̀tàn.

(d) Àfiwé. Dùùndún, àtùpà, iná tọ́ọ̀ṣì: ohun tí ìyá àgbà fúnra wọn mọ̀ ni. Má ṣe fi ohun tó ṣòro ṣàlàyé ohun tó ṣòro. Mọ̀ pẹ̀lú pé àfiwé ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí òwe aláǹgbá kò bá ìgbì mu, àwòkọ́ṣe náà sọ ọ́ gbangba pé kò bá a mu, ó sì tún lo ibi tí kò ti bá a mu láti ṣí ọ̀rọ̀ èéfín.

(e) Iye. Iye tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí o kò bá dá iye kan lójú, yọ ọ́ kúrò. Iye tí a hùn sórí ìwé burú ju kí a má kọ iye kankan lọ.

(ẹ) Ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Padà lọ wo ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ìlera. Wo ibi tí ó ti sọ pé "a mọ̀ dájú", ibi tí ó ti sọ pé "ó ṣeé ṣe", àti ibi tí ó ti sọ pé "wọn kò sì rí i". Kò bo ọdún 2011 mọ́lẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ àwọn abẹ̀rù. Kò sì bo 2024 mọ́lẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ àwọn agbéraga. Olóòótọ́ ni aláàlàyé gbọ́dọ̀ jẹ́.

(f) Ọ̀wọ̀. Àgbà ni ìyá àgbà àti bàbá; nítorí náà "wọ́n", "wọn" àti "àwọn" ni a lò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "ó" fún ìyá àgbà ní ìpínrọ̀ kìíní tí ó sì kọ "wọ́n" ní ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yóò pàdánù máàkì. Ṣe àkíyèsí pé ẹ̀fọ́rí wọn kò di ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni ẹ̀fọ́rí náà. Ohun tó fà á ni wọ́n ṣì mú.

(g) Òwe. Mẹ́ta péré ni. Òwe mẹ́wàá nínú àròkọ kan dà bí iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo láti fi ṣàlàyé ìdí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń lọ nígbà tí ènìyàn bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù. Má ṣe lo àfiwé tó wà nínú àwòkọ́ṣe.

2. Bí ògiri kan bá jẹ́ kí ìdajì ìgbì kọjá, èló nínú ìgbì náà ni yóò kù lẹ́yìn ògiri mẹ́ta? Kọ ìdáhùn rẹ ní gbólóhùn Yorùbá tó péye, kì í ṣe ní iye nìkan.

3. Tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kọ kí ọ̀rọ̀ inú wọn lè ní ìwọ̀n: (i) Fóònù máa ń pa ènìyàn. (ii) Kò sí ewu kankan nínú ohunkóhun tí kò ní òórùn. (iii) Gbogbo ògiri ló ń dá ìgbì dúró.

4. Ya ìlapa èrò fún àròkọ alálàyé lórí "Ewu tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti bí a ṣe lè yẹra fún un".

5. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ kó kúrò nínú ilé tuntun nítorí òpó tó wà ní òpópónà kejì. Sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Má ṣe kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.